Ilẹ̀kùn wo ni HIV ń gbà wọlé? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń wọnú sẹ́ẹ̀lì ara wa

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé gbogbo wa la mọ "ẹ má ṣe tibí, ẹ má ṣe tọ̀hún" nípa HIV, àtikékeré la ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kẹ́nì kan jókòó tì wá kó sọ ohun tí kòkòrò yẹn ń ṣe gan-an tó bá dénú ara. Ìyẹn ló fà á tẹ́nì kan á fi máa bẹ̀rù ife omi tí ò lè ṣe é ní nǹkan kan, tí ohun tó yẹ kó sá fún gan-an ò sì já mọ́ nǹkan lójú ẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe lè ṣe é tó, èyí tó bá gùn kó gùn, èyí tí ò bá gùn kó má gùn.

Kí ni fáírọ́ọ̀sì gan-an? Ṣé kì í ṣe òun náà ni bakitéríà ni?

Kì í ṣe òun o. Bakitéríà ń dá wà láyè ara ẹ̀, ó ń jẹun, ó ń pín ara ẹ̀ sí méjì, tí ẹ bá ti gbé e síbi tí oúnjẹ wà á máa pọ̀ sí i ni. Fáírọ́ọ̀sì ò lè ṣe ìkankan nínú ìyẹn. Jíìnì díẹ̀ ló ní, ìyẹn ìlànà tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é, purotíìnì ló wé mọ́ ọn, àwọn míì sì tún ní awọ ọ̀rá lórí ìyẹn, ó tán. HIV ò ní ju jíìnì mẹ́sàn-án lọ, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn ní bíi 20,000. Kò lẹ́nu, kò nífun, kò sì lè bímọ àfi tó bá rí sẹ́ẹ̀lì kan wọ̀ tó wá ń lo àwọn nǹkan tó bá nínú ẹ̀. Ó kéré débi pé tí ẹ bá to HIV sí ìlà, á tó bíi 8,000 sí 10,000 kó tó gùn tó mílímítà kan.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìwọlé fi ṣe pàtàkì tó báyìí. Fáírọ́ọ̀sì tí ò bá rí sẹ́ẹ̀lì wọ̀ ò lè ṣe nǹkan kan fún yín, ńṣe ló máa bàjẹ́ dànù. Ìdí nìyí náà tí amoxicillin tí ẹ rà ní kẹ́mísì ò fi lè ràn yín lọ́wọ́ tó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló ń bá yín jà, torí ohun tí oògùn yẹn máa ń bà jẹ́ lára bakitéríà, fáírọ́ọ̀sì ò ní in rárá.

Ṣé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ni fáírọ́ọ̀sì lè wọ̀?

Rárá o, ibí yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní awọ tó yí i ká, oríṣiríṣi purotíìnì ló sì wà lára awọ yẹn tí kálukú ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀, òmíì ń gba oúnjẹ wọlé, òmíì ń gba iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì míì rán sí i. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn purotíìnì yìí ní ilẹ̀kùn, ká sì pe èyí tó wà lára fáírọ́ọ̀sì ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí ò bá bá ilẹ̀kùn mu ò lè ṣí i. Kì í sì í ṣe torí fáírọ́ọ̀sì lara wa ṣe ní àwọn ilẹ̀kùn yẹn o, iṣẹ́ tiwa ni wọ́n ń ṣe, òun ló kàn wá bá a níbẹ̀ tó ń lò ó.

Ilẹ̀kùn tí kòrónà ń gbà ni ACE2, imú ló wà, ẹ̀dọ̀fóró ló wà, ó wà nínú ìfun náà, iṣẹ́ ẹ̀ gan-an sì ni kó máa bá ara tún ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ti hẹpatáítìsì B, èyí tí àwọn kan ń pè ní mẹ́dọ̀wú, ni NTCP, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló sì ní in, torí òun ló ń bá ẹ̀dọ̀ kó èròjà inú òróòro. Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni hẹpatáítìsì B máa ń mú nìyẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀, kì í ṣe ojú. Wọ́n ti mọ fáírọ́ọ̀sì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn ẹ̀, ọdún 2012 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ti dìgbòlugi tún wá yàtọ̀, ibi tí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ ti pàdé ẹran ara ló ń gbà wọlé, á wá máa gba inú iṣan yẹn lọ díẹ̀díẹ̀ títí táá fi dé ọpọlọ. Torí pé ìrìn yẹn máa ń pẹ́ ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn tí ajá bá bunijẹ fi lè gbani là, tẹ́ni náà bá tètè lọ. Ẹ má fi ata àti epo ra ojú ibi tí ajá ti bu yín jẹ o, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ gba ọsibítù lọ.

HIV wá ńkọ́, ilẹ̀kùn wo lòun ń gbà?

Ilẹ̀kùn méjì ló gbọ́dọ̀ ṣí tẹ̀ léra kí HIV tó lè wọlé. Àkọ́kọ́ ni CD4. Irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní T-cell ló ní CD4 jù, òun náà ni wọ́n máa ń kà tí wọ́n bá ní kéèyàn lọ ṣe CD4 count. Ẹni tára ẹ̀ le máa ń ní bíi 500 sí 1,500 nínú ẹ̀jẹ̀ tíńtín kan, tó bá ti wá sísàlẹ̀ 200, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní éèdì. Ilẹ̀kùn kejì ni CCR5, tàbí òmíì tó ń jẹ́ CXCR4. Ọdún 1984 ni wọ́n ti mọ CD4, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé tí wọ́n bá fi CD4 nìkan sára sẹ́ẹ̀lì eku, HIV máa dì mọ́ ọn lóòótọ́ àmọ́ kò ní lè wọlé, ó di ọdún 1996 kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn kejì tó kù.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Purotíìnì gp120 ló wà níta ara HIV, ó yọ síta káàkiri ara ẹ̀. Tí gp120 bá di CD4 mú, ara ẹ̀ máa yí padà, apá kan tó fi pa mọ́ tẹ́lẹ̀ á ṣí síta, ibẹ̀ ló máa wá fi di CCR5 mú. Bó bá ti dì í mú báyìí, gp41 tó wà lábẹ́ gp120 á nà jáde, á gún awọ sẹ́ẹ̀lì, á wá ká ara ẹ̀ padà, á máa fa awọ fáírọ́ọ̀sì àti awọ sẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn títí méjèèjì á fi yọ́ pọ̀ di ẹyọ kan. Ohun tó wà nínú HIV á wá dà sínú sẹ́ẹ̀lì.

Ohun tó jẹ́ kí tiẹ̀ burú ju ti ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì lọ ni irú sẹ́ẹ̀lì tó ń wọ̀ yìí. T-cell tó ní CD4 ló ń darí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò yòókù, òun ló ń sọ fún wọn pé àjèjì ti wọlé o, ẹ ṣe báyìí báyìí. Tí HIV bá wá ń pa wọ́n lọ lọ́dún mélòó kan, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti fara pa mọ́ sára tẹ́lẹ̀ á dìde, egbò funfun á bo ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru ò ní dá. Àwọn àìsàn yìí ló ń pa èèyàn. HIV fúnra ẹ̀ kì í sábàá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa tọ́ka sí pé òun ló pa á lọ́jọ́ yẹn.

Tó bá wọlé tán, kí ló máa wá ṣe?

Jíìnì tiwa, DNA ni wọ́n fi ṣe é. Ti HIV, RNA ni. Nǹkan bíi 9,700 lẹ́tà, ìyẹn àwọn ẹyọ tí wọ́n tò pọ̀ di jíìnì, ló wà nínú ẹ̀. Tó bá ti wọlé, ó ní énsáìmù kan, ìyẹn purotíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó, tó gbé wá láti ilé, reverse transcriptase lorúkọ ẹ̀, òun ló máa sọ RNA yẹn di DNA. Howard Temin àti David Baltimore ló rí énsáìmù yìí lọ́dún 1970, kálukú níbi iṣẹ́ tiẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ HIV rárá, inú fáírọ́ọ̀sì ẹranko ni wọ́n ti rí i. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé láti DNA ni RNA ti ń wá, kì í yí padà. Ó yí padà o.

Énsáìmù yìí máa ń ṣe àṣìṣe púpọ̀ tó bá ń da lẹ́tà kọ, kì í sì í padà lọ wò ó. Ẹni tí ò lo oògùn, ara ẹ̀ lè máa pèsè HIV tó tó bílíọ̀nù mẹ́wàá lóòjọ́, àṣìṣe sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, torí ẹ̀ ni HIV inú ara ẹnì kan ṣoṣo ò fi jọra wọn tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sídìí ẹ̀ tá a bá dórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Lẹ́yìn ìyẹn DNA tuntun náà máa wọ àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA tiwa wà, énsáìmù kejì tó ń jẹ́ integrase á gé DNA wa, á sì lẹ ti HIV mọ́ ọn. Ó ti di ara yín nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì yẹn á máa ka jíìnì HIV bó ṣe ń ka tiẹ̀, á máa ṣe purotíìnì fún un, wọ́n á kó jọ sí abẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á yọ jáde, awọ sẹ́ẹ̀lì tiwa gan-an ni wọ́n máa fi bora jáde. Énsáìmù kẹta, protease, á wá gé àwọn purotíìnì yẹn sí wẹ́wẹ́ bó ṣe yẹ, kó tó lè ran sẹ́ẹ̀lì míì.

Ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn HIV tẹ́ ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí mo kà sílẹ̀ yìí ni wọ́n ń dí. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà báyìí, TLD, oògùn mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: tenofovir àti lamivudine ń dí reverse transcriptase lọ́wọ́, dolutegravir ní tiẹ̀ ń dí integrase. Oògùn tó ń dí ẹnu ọ̀nà gan-an náà wà, maraviroc tó ń bo CCR5, ọdún 2007 ló jáde, àti enfuvirtide tí ò jẹ́ kí gp41 ká ara ẹ̀ padà, ìyẹn jáde lọ́dún 2003, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, ó ń roni lára, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Tí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́ tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n ní kéèyàn máa lò ó títí ayé?

Torí ọ̀rọ̀ integrase tí mo sọ yẹn ni. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí HIV ti lẹ ara ẹ̀ mọ́, àwọn kan máa ń lọ sùn. Wọn ò ṣiṣẹ́, wọn ò ṣe HIV tuntun jáde, oògùn ò sì rí nǹkan kan dí lọ́dọ̀ wọn torí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì báyìí lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní ara yín ti yá, tẹ́ ẹ dá oògùn dúró, ọ̀kan á jí, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ HIV ti kún inú ẹ̀jẹ̀ padà. Mo ti rí àwọn tó dúró dáadáa lórí oògùn fún ọdún pípẹ́ tẹ́nì kan sọ fún wọn pé àdúrà ti gbà kí wọ́n sọ oògùn nù, ó ń dùn mí gan-an. Ẹ gbàdúrà o, ẹ lo oògùn yín pẹ̀lú.

Níbo lára gan-an ló ti máa ń kọ́kọ́ wọlé?

Awọ ara tí ò bó, HIV ò lè gba ibẹ̀, sẹ́ẹ̀lì òkè awọ yẹn ti kú, ó sì le, kò sí CD4 níbẹ̀. Ibi tó ń wá ni ibi tó tutù, tí awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò sì wà nítòsí: ojú ara obìnrin, ihò ìdí, abẹ́ awọ orí okó tí wọn ò bá dá. Ihò ìdí ló léwu jù nínú wọn torí awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, T-cell tó ní CCR5 sì pọ̀ nínú ìfun. Ẹni tó bá ní àtọ̀sí tàbí egbò lójú ara, ewu tiẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, torí egbò ti ṣí ibẹ̀ sílẹ̀, ara sì ti kó T-cell lọ síbẹ̀ láti wo egbò sàn, HIV á wá bá wọn níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní South Africa, Kenya àti Uganda fi hàn pé ọkùnrin tó bá dádọ̀dọ́, ewu pé á kó o lára obìnrin máa ń dín kù ní bíi 60%, èyí ò wá sọ pé kó má lo kọ́ńdọ̀mù o.

Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà sí yín lára, tàbí abẹ́rẹ́ tẹ́nì kan ti lò, ìyẹn ò nílò awọ kankan láti gbà kọjá mọ́, tààrà ló dé ọ̀dọ̀ T-cell. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tí ò sí nínú ọ̀rá ẹ̀ gún yín.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ló ń mu, tó bá mu tẹni tó ní in tó tún wá jẹ mí?

Ìbéèrè yìí dáa gan-an, inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá bi mí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn ò ní ilẹ̀kùn tí HIV ń gbà. Tó bá mu ún mọ́ ẹ̀jẹ̀, inú ikùn ẹ̀fọn ló máa dà pọ̀ mọ́ oúnjẹ, á sì dà níbẹ̀ bí oúnjẹ ṣe ń dà. Tí ẹ̀fọn bá wá jẹ yín, itọ́ ẹ̀ ló ń tú sí yín lára, kì í pọ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí yín. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní tiẹ̀ lè wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn, á pọ̀ sí i nínú ikùn ẹ̀, á rìn dé ibi tí itọ́ ẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọn fi ń gbé ìyẹn kiri tí ò sì lè gbé HIV.

Ife, ṣíbí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìgbánimọ́ra?

Rárá. Itọ́ ẹnu ò gbé HIV tó lè ran èèyàn, òógùn náà ò gbé e. Ẹ bá wọn jẹun nínú abọ́ kan náà.

Kílípà bábà ńkọ́, àti abẹ tí wọ́n fi ń kọlà?

HIV ní awọ ọ̀rá lára, tó bá gbẹ níta ó ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí náà kílípà kì í ṣe ọ̀nà tó sábà máa ń gbà ranni. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ máa rò níbẹ̀ ni hẹpatáítìsì B, òun lè wà láàyè lórí nǹkan gbígbẹ fún ọjọ́ méje ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí ló nílò. Kí bábà fi ṣpíríìtì nu kílípà dáadáa, kí ẹ mú tiyín lọ tẹ́ ẹ bá ní, kí wọ́n má sì fi abẹ kan kọ ọmọ méjì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún hẹpatáítìsì B, ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ló yẹ kí wọ́n ti fún un lákọ̀ọ́kọ́.

Àǹtí, mo gbọ́ pé àwọn kan wà tí HIV ò lè ràn, ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn ń tan ara wọn?

Òótọ́ ni, wọ́n wà. Àwọn kan wà tí lẹ́tà 32 já kúrò nínú jíìnì CCR5 wọn, ilẹ̀kùn kejì yẹn ò wá jáde síta ara sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá gba irú jíìnì yẹn lọ́dọ̀ bàbá tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, HIV tó ń lo CCR5 ò rí ọ̀nà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀, irú HIV yẹn ló sì sábà máa ń ranni. Bíi ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn òyìnbó ìhà àríwá Yúróòpù ló rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwa adúláwọ̀ kò wọ́pọ̀ rárá, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ará Amẹ́ríkà kan wà, Timothy Ray Brown, ìlú Berlin ní Jámánì ló ń gbé, ó ní HIV, ó tún wá ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2007 wọ́n fún un ní mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíì, dókítà ẹ̀, Gero Hütter, sì mọ̀ọ́mọ̀ wá ẹni tí CCR5 ẹ̀ ti já bẹ́ẹ̀ ni. HIV ò padà sára ẹ̀ mọ́ títí tó fi kú lọ́dún 2020, jẹjẹrẹ yẹn ló padà wá tó pa á. Irú iṣẹ́ yìí lè pa èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ẹ̀ ni wọn ò fi lè ṣe é fún gbogbo èèyàn, ẹni tí jẹjẹrẹ bá ti mú un dé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Àmọ́ ó jẹ́ ká rí i kedere pé tí ilẹ̀kùn yẹn ò bá sí, HIV ò rí ibi gbà.

Àwọn kan tún máa ń bi mí bóyá genotype AA tàbí AS lè gbà wọ́n. AA àti AS, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lọ̀rọ̀ ẹ̀ wà, HIV ò sì lè lo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa torí kò ní DNA nínú. Ẹ má gbójú lé e. Ohun tí mo lè sọ fún yín nípa ẹ̀jẹ̀ pupa wa ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ò ní purotíìnì kan tó ń jẹ́ Duffy lára ẹ̀, ìdí nìyẹn tí irú ibà kan, vivax, tó ń yọ àwọn ará Éṣíà lẹ́nu, kì í fi í sábàá rí wa mú. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìyẹn o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà ni.

Ibà Lassa náà ńkọ́? Ní Ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ wa ó ń pa èèyàn gan-an.

Ẹ kú ìfaradà. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lọ́dún 1969, Oǹdó àti Ẹdó sì wà lára ibi tó ti ń le jù báyìí. Ilẹ̀kùn tó ń lò ni dystroglycan, ó wà lára sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ káàkiri ara, torí ẹ̀ ni kì í fi í mú ibì kan ṣoṣo. Kì í sì í yọ́ wọlé lẹ́nu ọ̀nà bíi ti HIV. Sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ló máa gbé e mì sínú àpò kékeré kan, bí àpò yẹn ṣe ń wọ inú lọ, á máa kan sí i, kíkan yẹn ló máa wá sọ fún fáírọ́ọ̀sì pé ó ti dé, á yí padà di ilẹ̀kùn kejì mú tó ń jẹ́ LAMP1, inú àpò yẹn ló ti máa tú jáde. Flu náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, tòun ń di ṣúgà kan mú lára sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà ọ̀fun, tí inú àpò bá ti kan ló máa tú jáde.

Ohun kan wà nídìí Lassa tó kan àwa Yorùbá gan-an. Àwọn èèyàn wa kan ní Ìbàdàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ HapMap, tí wọ́n fi ń fi DNA àwọn èèyàn láti ibi oríṣiríṣi láyé wé ara wọn. Lọ́dún 2007 àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ LARGE ti yí padà lára àwọn Yorùbá lọ́nà tó fi hàn pé ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti ń ṣa àwọn tó ní in sílẹ̀ láàárín wa. LARGE yìí ló ń to ṣúgà sára dystroglycan, fáírọ́ọ̀sì Lassa sì nílò ṣúgà yẹn kó tó lè di ilẹ̀kùn mú. Wọ́n wá ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Lassa ló ti ń bá àwọn baba ńlá wa jà láti ayébáyé, táwọn tí ilẹ̀kùn wọn yàtọ̀ díẹ̀ sì là á já jù. Wọn ò tíì fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ tán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mi ò lè sùn.

Ẹ bo gààrí yín, ẹ má sá a sí etí títì níbi tí eku á ti tọ̀ sí i, torí ara eku ni Lassa ti ń wá.

Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún èéyi àti rọpárọsẹ̀ tí ò sí fún HIV láti ọjọ́ yìí?

Èéyi lónìí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbà tí wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ò lè yí padà púpọ̀ kó ṣì tún ṣí ilẹ̀kùn. Rọpárọsẹ̀, abẹ́rẹ́ àti èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu la fi lé e, títí wọ́n fi kéde lóṣù kẹjọ ọdún 2020 pé irú àdáyébá ẹ̀, èyí tí kì í ṣe ti inú oògùn àjẹsára, ti kúrò ní Áfíríkà. HIV ní tiẹ̀, ṣúgà ló fi bo gp120 lára, ṣúgà yẹn ara wa ló ti rí i, torí náà àwọn sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò á rò pé ti ilé ni. Ibi tó fi ń di CCR5 mú, kì í ṣí i síta àfi tó bá ti di CD4 mú tán, ara ò ráyè rí i. Àti àṣìṣe tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: kí ara tó mọ èyí tó wà lónìí, tọ̀la ti yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ pé kó tún lọ lẹ ara ẹ̀ mọ́ DNA láàárín ọjọ́ díẹ̀ wá tún jẹ́ kó le sí i, torí abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dá a dúró kó tó débẹ̀.

Ṣé kò wá sí nǹkan tẹ́ni tí ò ní in lè lò kó má baà kó o?

Ó wà. Tábúlẹ́ẹ̀tì PrEP wà tẹ́ ẹ máa lò kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, oògùn á ti wà nínú T-cell dè é. Abẹ́rẹ́ tuntun kan tún ti dé, lenacapavir, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń gún un. Ìgò purotíìnì tó di RNA HIV mú ló ń bà jẹ́, kò ní jẹ́ kó tú bó ṣe yẹ, kò sì ní jẹ́ kí tuntun tò dáadáa. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní South Africa àti Uganda, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2024, ó lé ní 2,000 ọ̀dọ́bìnrin tó gba abẹ́rẹ́ yìí, kò sẹ́nì kan ṣoṣo nínú wọn tó kó HIV. Èmi ò rí irú ẹ̀ rí.

Kọ́ńdọ̀mù bẹ́ lánàá, ẹ̀rù ń bà mí, kí ni kí n ṣe?

Ẹ lọ sí ọsibítù báyìí, ẹ ní ẹ fẹ́ gba PEP, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ kí HIV má baà dúró. Ó máa ń gba HIV ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó ti ojú ara dé ibi tí T-cell pọ̀ sí, àárín ọjọ́ yẹn la ní. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ, bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó, ọjọ́ 28 lẹ máa fi lò ó láìfo ọjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò náà, ohun kan náà ni, ẹ kọ́kọ́ bá a lọ gba oògùn, ẹjọ́ lè dúró dìgbà tó bá yá.

Ìyàwó mi ní in, èmi ò ní in. Ṣé a lè bímọ?

Ẹ lè bí i, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí ò ní in. Tí aya yín bá ń lo oògùn dáadáa tí tẹ́ẹ̀sì viral load ò sì rí HIV nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́, kò lè kó o ràn yín nípa ìbálòpọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù lórí irú tọkọtaya báyìí tí wọn ò lo kọ́ńdọ̀mù, wọn ò rí ẹnì kankan tí èkejì ẹ̀ kó o ràn. Tí ìyá ò bá lo oògùn rárá, láàárín bíi 15 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló lè kó o, nínú oyún, lọ́jọ́ ìbí tàbí lẹ́nu ọyàn. Tó bá ń lò ó, ó máa ń wá sísàlẹ̀ márùn-ún. Ọmọ náà máa gba oògùn olómi tí wọ́n bá bí i tán, ẹ má fo tiẹ̀, kí ìyá sì má dá oògùn tiẹ̀ dúró tó bá ń fọ́mọ lọ́yàn. Kí ẹ bímọ sí ọsibítù.

Mo ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní mi ò ní in. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ó sinmi lórí ìgbà tẹ́ ẹ ṣe é. Tẹ́ẹ̀sì onílà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, kì í ṣe HIV ló ń wá, ohun tí ara ti pèsè láti bá HIV jà ló ń wá, ó sì máa ń pẹ́ kí ara tó pèsè ẹ̀. Ẹ tún un ṣe tó bá pé oṣù mẹ́ta sígbà tẹ́ ẹ rò pé ẹ lè ti kó o. Tó bá wá jẹ́ pé ó wà níbẹ̀, wọ́n máa tún un ṣe pẹ̀lú irú tẹ́ẹ̀sì míì kó tó dá wọn lójú, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ oògùn fún yín, kò sówó. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ò sì lè lé yín torí ẹ̀, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 ti ka ìyẹn léèwọ̀.